A Kò Pààrọ̀ Bíríkì Kankan

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Wọ́n gbà á o! Èmi tí mo ti fi fọ́ọ̀mù yẹn sílẹ̀ ní káńsù bí ẹni ju òkò sódò, tí mo ti gbàgbé pé mo ju nǹkan kan. Lẹ́tà dé láàárọ̀ yìí. Ọwọ́ mi méjèèjì kún fún fúláwà, eyín ni mo fi ya àpò ìwé náà. Ètò Ìrànlọ́wọ́ fún Okòwò Kéékèèké àti Iṣẹ́ Àtijọ́. Wọ́n ní àwọn máa fi páànù tuntun bo ilé ààrò wa. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo jókòó sórí àpò fúláwà, mo tún kà á.

Ó di ọdún mẹ́ta tí òrùlé yẹn ti ń jò. Kí òjò kàn ṣú báyìí, mo ti ń gbé garawa kiri, mo ti ń fi ọ̀rá bo orí ààrò bí ẹni bo ọmọ tuntun.

Mo ka lẹ́tà náà fún Màmá. Wọ́n jókòó sórí àpótí wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń gbọn àpò òfìfo. Wọ́n ní, "Ìjọba fẹ́ fún wa ní páànù. Kí ni wọ́n wá fẹ́ gbà?" Mo ní Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dúpẹ́ ná. Wọ́n ní àwọn kò sọ pé ká má dúpẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Obìnrin tí káńsù rán wá ní gíláàsì méjì, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí irun. Mo ti sọ ọ́ ní Onígíláàsì nínú ọkàn mi. Ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn. Ó fi téèpù wọn ààrò lóòró àti níbùú, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa bíríkì lórí bí ìgbà tí èèyàn ń pa ọmọ lórí.

Ó bá mi níbi tí mo ti ń kí Bàbá Àgbà. Ó dúró, ó bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo fi bíríkì àárín tó wà lókè ẹnu ààrò hàn án. Mo ní bàbá àgbà mi ló mọ ààrò yìí, bíríkì yìí ni wọ́n sì fi parí rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi gba iṣẹ́, àràárọ̀ ni wọ́n ń gbọ́wọ́ lé e kí wọ́n tó dáná, wọ́n á ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Gbogbo wa la wá ń ṣe é. Màmá tí kì í ṣe ọmọ bíbí inú ilé yìí náà ń ṣe é. Ojú Onígíláàsì rọ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ó wá béèrè bóyá a ti yí nǹkan kan padà lára ààrò náà. Mo gbá àyà. Mo ní, "A kò pààrọ̀ bíríkì kankan. Bí bàbá àgbà ṣe fi í sílẹ̀ ló wà." Ó kọ ọ́, mo buwọ́ lù ú. Màmá wúkọ́.

Họ̀wù, kí ni kí n wí? Bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé wa nìyẹn. Ta ni kò mọ̀ pé ààrò Bàbá Àgbà ló ń mú kí búrẹ́dì wa dùn? Bíríkì tó bá jóná, a ó yọ ọ́, a ó mọ òmíràn, ẹni tó mọ ọ́n á tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ kó tó gbẹ, ó parí. Mẹ́rin ni mo yọ lọ́dún tó kọjá nìkan. Ṣùgbọ́n a kì í pe ìyẹn ní pípààrọ̀. "A wọ̀ ọ́ láṣọ" la máa ń wí, a kì í sì í wí i létí ará ìta. Bíríkì àárín ṣì wà níbẹ̀ ṣá, Bàbá Àgbà gan-an nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Àwọn onípáànù dé láàárọ̀, wọ́n ṣe tán kí oòrùn tó wọ̀. Mo ń wo òkè bí ẹni tí kò rí òrùlé rí. Fúláwà tún ti gbówó lórí, ìgbà kejì lóṣù méjì nìyí, ṣùgbọ́n lónìí kò dùn mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Òjò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ̀kán omi kan kò kán sórí ààrò. Mo ń rẹ́rìn-ín nìkan bí wèrè.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọkùnrin mẹ́ta ló wá láti káńsù ní agogo mẹ́jọ. Ọ̀gá wọn há fáìlì sí abíyá, kò gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Wọ́n mú pátákó ńlá kan wá, wọ́n fi aṣọ bò ó. Mo rò pé ẹ̀yẹ ni. Èmi gan-an ni mo bá wọn di àkàbà mú! Èmi ni mo sọ pé kí wọ́n gbé e sókè díẹ̀ sí i, kí àwọn tó ń bọ̀ láti òpópónà lè rí i. Ọ̀gá Fáìlì wá fa aṣọ kúrò.

OHUN ÀJOGÚNBÁ ÌLÚ. A KÒ GBỌDỌ̀ DÁNÁ. A KÒ GBỌDỌ̀ FỌWỌ́ KÀN ÁN.

Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn àlejò ni wọ́n ń bá wí. Ibi tí mo ti ń rò ó lọ́wọ́ ni wọ́n ti fi omi pa ẹyin iná mi, tí wọ́n fa ṣéènì gba ẹnu ààrò kọjá, tí wọ́n fi àgádágodo tì í. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo ti po fúláwà, ó ti wú." Ọ̀gá Fáìlì ní iná ń ba bíríkì àtijọ́ jẹ́, òfin ètò náà kò sì gbà á, ẹni tó bá já ṣéènì á fojú ba ilé ẹjọ́. Ó bá mi sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó tún kí mi kú oríire.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n lọ. Fúláwà tí mo pò ń wú bọ̀ lórí tábìlì, ó ń ṣàn bọ́ sílẹ̀ létí tábìlì, èmi ń wò ó. Màmá ló kígbe lé mi lórí pé kí n dìde.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ Ìyá Oníkéèkì ní òpópónà kejì, ó ní ààrò onígáàsì. Kó o rí búrẹ́dì tó tibẹ̀ jáde. Ó funfun bí ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀. Ìyá Oníkéèkì ní kò burú. Mo ní ó burú, ṣùgbọ́n ẹ ṣeun.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Onígi kó igi wá láti oko rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ka pátákó, ó wo ojú mi, ó tún kó igi rẹ̀ padà sórí kẹ̀kẹ́. Inú mi ìbá dùn bó bá bú mi.

Màmá ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé àwọn wọ ilé yìí, ààrò kò tutù ju ọjọ́ mẹ́rin lọ rí. Bó bá tutù lásìkò òjò, bíríkì á máa mu omi inú afẹ́fẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dáná padà, á máa bẹ́. Káńsù ní àwọn ń dáàbò bo ààrò, wọ́n sì ń pa á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì káńsù láti agogo mẹ́jọ. Agogo méjìlá kọjá kí wọ́n tó pè mí. Ọ̀gá Fáìlì ṣí fáìlì, ó yí i síhà ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, "Ìyá, ṣé ọwọ́ yín kọ́ nìyí?" A kò pààrọ̀ bíríkì kankan. Ọwọ́ mi ni. Mo tilẹ̀ fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ti ń pa òwe yìí fún ẹlòmíràn láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Mo ní, "Irọ́ ni mo pa." Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì yíjú sí mi. Ọ̀gá Fáìlì bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní láti ọdún mọ́kànlá tóun ti wà ní ọ́fíìsì yẹn, àwọn tó ń wá sọ pé àwọn kò parọ́ lòun ń rí. Mo ṣàlàyé bí a ṣe máa ń wọ̀ ọ́ láṣọ, mo sọ ti àtàǹpàkò fún un. Ṣé ẹ rí i, n kò rò pé mo lè sọ ọ́ síta láé. Ó ń jó mi lẹ́nu bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ó gbọ́ mi dé ìparí. Ó ní búrẹ́dì wa lòun jẹ dàgbà, ìdí nìyẹn tóun fi sáré fi ààrò náà sínú ìwé, kí ẹnikẹ́ni má bàa wó o. Ó ní àwọn lè wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá sí iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá Àgbà nínú rẹ̀ mọ́, àwọn á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ku bíríkì kan ṣoṣo tó jẹ́ tiwọn, òfin ti mú un, ṣéènì kò ní kúrò.

Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń ronú kan ohun tí èmi náà ń rò. Bíríkì àárín. Èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́, Onígíláàsì ti kọ ọ́ sínú fáìlì.

Mo sọ fún Màmá nígbà tí mo délé. Wọ́n ní kí n tún ti bíríkì kan ṣoṣo yẹn wí. Mo tún un wí. Wọ́n fi oúnjẹ wọn sílẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Màmá kò kí Bàbá Àgbà láàárọ̀ yìí. Wọ́n gba iwájú ààrò kọjá bí ẹni tí wọ́n jọ ń jà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ogún

Àlejò dé! Èèyàn bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú bọ́ọ̀sì káńsù, wọ́n wá wo ohun àjogúnbá. Ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn ní kí n mú pákó gígùn tí mo fi ń ti búrẹ́dì dání, kí n dúró lẹ́bàá ààrò, kí n ṣe bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Mo ní, "Ṣe bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ báwo?" Ó ní kí n kàn rẹ́rìn-ín.

Mo mú un dání o. Mo rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mi ò ní purọ́.

Obìnrin kan láàárín wọn ń fa imú. Ó ní ibí kò rùn búrẹ́dì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, kò rùn ún.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Àbúrò mi pè. Òun ni Bàbá fẹ́ fi ààrò lé lọ́wọ́, wíwa tírélà ló wù ú, ó sì sá lọ. Nílé wa, obìnrin ń po fúláwà ni, ọkùnrin ló ń mọ bíríkì, òun ló ń dúró ti iná. Bí kò bá sí pé ó sá lọ, mi ò bá tí fọwọ́ kan iná yẹn láé.

Ó gbọ́ pé káńsù fẹ́ máa san nǹkan fún mi lóṣooṣù bí mo bá gbà láti jẹ́ alábòójútó ààrò. Ó ní kí n gbà á, kí n jókòó, kí n na ẹsẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ kí ni ẹ tún ń wá tó ju èyí tí kò ní iṣẹ́ nínú?" Mo rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni ó wá dùn mí pé mo rò ó wò. Mo rò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Mo ti ọwọ́ gba abẹ́ ṣéènì, mo nà án wọ inú ààrò. Ó tutù. Ògiri inú rẹ̀ ń làágùn, bí ara ẹni tó ń ṣàìsàn. Mo yọ ọwọ́ mi, mo gbọ́ òórùn rẹ̀, òórùn kànga ni. Mo sunkún níbẹ̀ láìbìkítà bóyá ẹnìkan ń wò mí láti òpópónà.

Àwọn oníbàárà mi láti oko ti ń ra bisikíìtì alápò. Mo rí Ìyá Ẹlẹ́wúrẹ́ tó ń fi í pamọ́ sábẹ́ aṣọ kí n má bàa rí i. Mo ní kó má fi pamọ́, kó jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Lẹ́tà. Ọjọ́rú ni wọ́n ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti bá Bíríkìlà sọ̀rọ̀, òun ló máa yọ bíríkì láìfọ́ wọn. Ó ní kí n má bẹ̀rù, òun á fi igi gbé òkè rẹ̀ dúró. Mo ní kì í ṣe ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ létòlétò, torí orí mi ṣì ń fò.

Agogo mẹ́sàn-án ni wọ́n dé. Ọ̀gá Fáìlì, Onígíláàsì, àti akọ̀wé kan. Wọ́n ṣí ṣéènì. Bíríkìlà tẹ́ àpò sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Bó ṣe ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ló ń dà wọ́n dojú dé, Onígíláàsì ń fi ìgò tó ń mú nǹkan tóbi wo abẹ́ wọn. Àtàǹpàkò bàbá mi pọ̀ jù níbẹ̀, ó gbòòrò, ọ̀bẹ ti là á láàárín. Mo rí tèmi. Mo rí ọ̀kan tí àbúrò mi tẹ̀ ṣáájú kó tó sá lọ, ó tẹ̀ ẹ́ ní ìdajì bíi ti ẹni tí ọ̀nà ń pè.

Ti Bàbá Àgbà kò sí. Tiwọn kò ṣeé ṣì mọ̀: ẹ̀rọ gé orí àtàǹpàkò wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ìka méjì ni wọ́n fi ń tẹ bíríkì. Bíríkìlà yọ èyí tó wà lẹ́yìn, ó yọ ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó yọ ti ilẹ̀. Kò sí ìka méjì níbì kankan. Mi ò mọ̀ bóyá kí n dunnú ni. Gbogbo ayé mi ni mo ti ń sọ pé ààrò Bàbá Àgbà ni, mo dúró síbẹ̀, mo ń wò ó bó ṣe ń di ààrò tiwa lójú mi.

Ó wá ku bíríkì àárín.

Ọ̀gá Fáìlì wo fáìlì. Ó ní kò pọn dandan kí wọ́n yọ ìyẹn, mo ti fẹnu ara mi jẹ́rìí sí i pé ti Bàbá Àgbà ni. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá, bí ọ̀kan bá kù, ó kù náà ni. Ẹ má bínú." Ó na ọwọ́ sí ṣéènì.

Màmá dìde lórí àpótí wọn. Wọ́n ní, "Ẹ yọ ọ́."

Mo ní Màmá, Bàbá Àgbà nìyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Bí a bá tiẹ̀ pàdánù ààrò, kí á má tú wọn kúrò. Màmá kò wo ojú mi. Bíríkìlà ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, "Mo ní ẹ yọ ọ́."

Bíríkìlà fi igi gbé òkè ró. Ó lo ẹ̀yìn òòlù, ó rọra ń gbá a, tó, tó, títí ó fi yọ. Ó dà á dojú dé sórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó gbé e síwájú Onígíláàsì.

Àtàǹpàkò kan ni, ó pé, ó tínrín, ó kéré. Kì í ṣe ti ọkùnrin.

Màmá ní, "Tèmi ni."

Màmá na ọwọ́ wọn tó ti hunjọ, wọ́n fi àtàǹpàkò wọn sínú ihò yẹn. Ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí.

Wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀ lójú gbogbo wa. Èmi wà lẹ́yìn wọn nígbà náà, mi ò tíì pé ọmọ ọdún kan. Bàbá Àgbà ti kú. Ibà dá bàbá mi dúbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Màmá ló ń po fúláwà, àwọn náà ló ń dáná láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bíríkì àárín là sí méjì, ó jábọ́ sínú iná. Wọ́n ní àwọn ronú pé bí bàbá mi bá gbọ́ nínú ibà yẹn, ó lè bá bàbá rẹ̀ lọ. Wọ́n lọ bu amọ̀, wọ́n mọ ọ́n ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sun ún nínú ààrò náà fúnra rẹ̀, wọ́n sì fi sí ipò rẹ̀.

"Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dìde, ó gbọ́wọ́ lé e. Ó ní, 'Ẹ káàárọ̀, Bàbá.' Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un, mo ní rárá, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Ọdún méjìdínláàádọ́ta! Ọdún méjìdínláàádọ́ta ni Màmá fi ń bá wa kí bíríkì tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn mọ, tí wọ́n ń pè é ní Bàbá. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Èyí lọ ju ogún lọ.

Onígíláàsì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó gbàgbé pé òmíràn ṣì wà lórí rẹ̀. Ọ̀gá Fáìlì pa fáìlì dé. Ó ní òun á kọ ìwé náà lónìí.

Ohun kan wà tí mi ò lè dákẹ́ nípa rẹ̀. Lọ́dún méjìlá sẹ́yìn, nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ bíríkì, tí mo tẹ àtàǹpàkò mi sábẹ́ rẹ̀, Màmá dìde, wọ́n jáde síta. Mo rò pé inú ń bí wọn pé obìnrin fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo gbé e sọ́kàn fún ọdún méjìlá. Mo bi wọ́n lónìí lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn lọ tán. Wọ́n ní, "Ẹkún ló gbọ̀n mí."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù keje

Ṣéènì ti kúrò, Bíríkìlà sì ti to gbogbo bíríkì padà sí ipò wọn. Onígíláàsì gbé fáìlì wa láti orí tábìlì ohun àjogúnbá lọ sórí tábìlì okòwò kéékèèké, ó ní páànù kò ní kúrò lórí wa. Ṣùgbọ́n àdéhùn tibẹ̀ yàtọ̀. Mo kà á, mo tún un kà, mo pe Màmá kí wọ́n wá gbọ́: bí ààrò bá fi oṣù mẹ́fà wà láìdáná, káńsù á wá tú páànù wọn. Káńsù kan náà o! Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Wọ́n gbé pátákó lọ. Èmi tún ni mo di àkàbà mú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Iná tín-ń-tín láti àná, a kò jẹ́ kó ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Èéfín funfun ń jáde lára ògiri, omi tí wọ́n mu ni wọ́n ń dá padà. Ní ọ̀sán, bíríkì mẹ́ta bẹ́ lẹ́yìn, ó dún bí ìbọn, mo fò sókè. Mo ń retí ìkẹrin, kò dé. Ti àárín dúró.

Mẹ́ta yẹn, mo máa pààrọ̀ wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: mo máa pààrọ̀ wọn. Mo ti sọ fún Ìyá Oníkéèkì àti Onígi pàápàá. Onígi ní ṣé ẹ ti ń pààrọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Mo ní ó ti pẹ́. Ó ní, "Búrẹ́dì yẹn ṣì ń dùn ṣá," ó sì ń já igi rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Òjò rọ̀ láàárọ̀, kò jò. Búrẹ́dì àkọ́kọ́ wọlé ní agogo mẹ́fà. Àwọn ará oko ti tò síta kí n tó ṣí ilẹ̀kùn, Ìyá Ẹlẹ́wúrẹ́ ló wà níwájú, kò fi nǹkan kan pamọ́ sábẹ́ aṣọ.

Ṣùgbọ́n kí èyíkéyìí tó ṣẹlẹ̀, kí n tó dáná ńlá, mo lọ síwájú ààrò bí ìṣe mi. Mo gbọ́wọ́ lé bíríkì àárín. Mo la ẹnu láti kí Bàbá, ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mi lókè, ara bíríkì náà sì ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá."

Ẹ̀yìn mi ni wọ́n ti dáhùn, lórí àpótí wọn. "Káàárọ̀, ọmọ mi. Yáa ti igi sí i, iná fẹ́ kú."